Owó Orí, Afẹ́fẹ́ àti Ìmọ́lẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Ilẹ̀ Dẹ́nmárkì

Àwọn àgbà wa ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìtàn ilẹ̀ kékeré kan ní ìhà àríwá Yúróòpù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dẹ́nmárkì. Nígbà tí epo rọ̀bì tí ó gbẹ́kẹ̀ lé di ọ̀wọ́n gógó, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ lásán lórí pápá rẹ̀ ni ó kọjú sí. Lónìí, nǹkan bí ìdajì iná mànàmáná tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò, inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń wá.

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun, kì í ṣe láti yin òyìnbó ni mo ṣe mú ìtàn yìí wá síwájú yín. Ìbéèrè kan wà tí ó kan gbogbo ìlú tí ń dá owó jọ fún ìlọsíwájú ara rẹ̀: irú owó orí wo ni ó lè tún ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ wa ṣe, irú èwo ni ó sì jẹ́ pé ṣe ni ó kàn ń ni ará ìlú lára lásán? Ìtàn Dẹ́nmárkì fún wa ní èsì tí ó yè kooro. Owó orí nìkan kò tó, ẹ̀rọ nìkan kò tó, kọ̀ǹpútà nìkan kò sì tó. Ohun tí ó mú iṣẹ́ náà dúró ni pé àwọn ará ìlú rí ibi tí owó wọn lọ, wọ́n sì ní ìpín nínú ohun tí a fi kọ́.

OLÙKỌ́ KAN NÍ ASKOV

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọwọ́ olùkọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, èyí sì jẹ́ ohun ìwúrí fún àwa tí a ń fi ẹfun kọ̀wé sí ara pátákó. Poul la Cour ni orúkọ olùkọ́ náà. Ọdún 1846 ni a bí i. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́, ó sì wà ní ipò gíga nínú ilé iṣẹ́ tí ń ṣe àkíyèsí ojú ọjọ́ fún ìjọba, kí ó tó fi í sílẹ̀ ní ọdún 1878 láti lọ máa kọ́ni ní Askov, ní ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé iná mànàmáná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń tàn fún àwọn ará ìlú ńlá, àwọn ará oko sì wà nínú òkùnkùn.

Ní ọdún 1891, ó gba owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó sì kọ́ ọlọ kan tí afẹ́fẹ́ ń yí sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Irú ọlọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wọn, nítorí òun ni àwọn baba ńlá wọn fi ń lọ ọkà. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni la Cour fi tirẹ̀ ṣe. Wàyí o, ìṣòro kan wà tí ó ṣì ń yọ àwọn onímọ̀ lẹ́nu títí di òní: afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ nígbà gbogbo. Kí ni a ó ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí ó bá dákẹ́? La Cour fi iná náà ya àwọn gáàsì tí ó para pọ̀ di omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó gba gáàsì háídrójìn inú rẹ̀ pamọ́, ó sì ń fi í tan àtùpà ilé ẹ̀kọ́ fún nǹkan bí ọdún méje láti 1895. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni gáàsì náà bú gbàù tí ó fọ́ gíláàsì fèrèsé, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí ó tóbi jù lọ tí ó ṣe ni pé kò fi ìmọ̀ náà pamọ́ sínú. Láti ọdún 1904 ni ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko ní iṣẹ́ iná, tí wọ́n sì ń padà sí abúlé wọn láti lọ tan ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1918, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé iṣẹ́ iná ìgbèríko bí 120 ni ó ti ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Johannes Juul, kọ́ ẹ̀rọ kan sí Gedser ní ọdún 1957, tí agbára rẹ̀ tó kilowáàtì 200. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣiṣẹ́. Ní 1967 a dá a dúró, nítorí epo rọ̀bì ti pọ́ọ́kú nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ kò rí ìdí tí a ó fi máa náwó sórí afẹ́fẹ́.

ỌDÚN 1973

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì ní apá kan, Íjíbítì àti Síríà ní apá kejì. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ó ní epo dín èyí tí wọ́n ń tà kù, kí oṣù díẹ̀ sì tó kọjá, owó epo ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà bá Dẹ́nmárkì lójijì, nítorí bí a bá pín gbogbo agbára tí wọ́n ń lò sí ọ̀nà 100, ó lé ní 90 nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti epo tí a rà láti òkèèrè. Ìjọba pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ Àìkú. Òpópónà ńláńlá dá páropáro. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ni ó ń rìn lórí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa ní àkókò kan náà. Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè olépo, OPEC, ní 1971. Epo ọ̀wọ́n tí ó kó ìdààmú bá Dẹ́nmárkì, òun ni ó kún àpò ìjọba wa. Àwọn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà kò tí ì gbàgbé owó Udoji tí a san ní 1975. Ọjọ́ kan náà ni ẹnu ọ̀nà méjì ṣí: ẹni tí kò ní epo bẹ̀rẹ̀ sí ronú, ẹni tí ó ní epo bẹ̀rẹ̀ sí náwó.

OWÓ ORÍ TÍ KÒ YẸSẸ̀

Ní ọdún 1976, ìjọba Dẹ́nmárkì gbé ètò àkọ́kọ́ kalẹ̀ lórí bí wọn yóò ti máa rí agbára lò. Ní 1977, wọ́n fi owó orí lé iná mànàmáná àti epo tí a ń jó nínú ilé. Èrò wọn kò ṣòro láti mọ̀: ohun tí ó bá gbówó lórí, ènìyàn kì í fi ṣòfò. Ní 1979, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ìjọba yóò bá a san 30 nínú 100 owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kan ń gbà, ọwọ́ kejì sì ń fúnni. Bí àwọn ẹ̀rọ náà ti ń dára sí i ni ìrànlọ́wọ́ yìí ń dín kù, títí a fi dá a dúró pátápátá ní 1989.

Ìdánwò tí ó le jù dé ní nǹkan bí ọdún 1986, nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Gbogbo ènìyàn rò pé ọjọ́ ìnira ti kọjá, pé a lè padà sí ìnáwó àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba Dẹ́nmárkì fi kún owó orí epo, kí iye tí ará ìlú ń rà á má bàa já wálẹ̀ jù. Ìpinnu yìí kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Síbẹ̀ mo gbà pé ibẹ̀ ni a ti gba iṣẹ́ náà là. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí epo tún pọ́ọ́kú, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ìbá ti ti ilé iṣẹ́ wọn pa, gẹ́gẹ́ bí a ti pa ẹ̀rọ Gedser tì ní 1967.

Ní ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí lórí èéfín kábọ́ọ̀nù tí ń mú ayé gbóná: kroner 100 lórí tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n wà lára àwọn orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Láti 1994, wọ́n ń dín owó orí tí òṣìṣẹ́ ń san lórí owó oṣù rẹ̀ kù, wọ́n sì ń fi kún èyí tí ó wà lórí ohun tí ń ba àyíká jẹ́. Ìyẹn ni pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tí ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé e lé orí ẹni tí ń tú èéfín.

ỌWỌ́ ARÁ ÌLÚ

Ṣùgbọ́n owó orí kò lè dá kọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn 1973, àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀ kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Káfíńtà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Christian Riisager kọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré sí àgbàlá rẹ̀, ó sì so ó mọ́ wáyà iná ìlú. Ní Tvind, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀rọ gàgàrà kan ní 1975. Ní 1978 ó bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan kò bá lè dá ra ẹ̀rọ, ìdílé 20 tàbí 30 yóò da owó pọ̀, olúkúlùkù yóò gba ìpín tirẹ̀, wọn yóò sì máa pín èrè iná tí wọ́n bá tà. Ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn ìdílé tí ó ní ìpín nínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ti tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a kọ́ ẹ̀rọ 20 sínú òkun ní iwájú Copenhagen, olú ìlú wọn, ní ọdún 2000, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 8,000.

Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù ni ti erékùṣù Samsø, tí àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ bí 4,000 péré. Ní 1997, ìjọba yàn án láti fi hàn pé ìlú kan lè fi afẹ́fẹ́, oòrùn àti ìdọ̀tí oko gbé ara rẹ̀ ró. Olùkọ́ kan tí í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀, Søren Hermansen, ni ó ń lọ láti ìpàdé dé ìpàdé, tí ó ń dáhùn ìbéèrè àwọn àgbẹ̀ tí kò fẹ́ gbọ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ẹ̀rọ 11 ti wà lórí ilẹ̀, 10 sì ti wà nínú òkun. Pòròpórò ọkà ni wọ́n ń jó láti fi mú omi gbóná, tí omi náà ń gba inú páìpù lọ sí ilé ènìyàn ní ìgbà òtútù. Àwọn tí ń ráhùn tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ń pariwo bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú sánmà láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ fẹ́, nítorí owó tiwọn ni ó ń yí lókè.

KỌ̀ǸPÚTÀ DI AKỌ̀WÉ

Bí ẹ̀rọ ti ń pọ̀ sí i, ìbéèrè la Cour tún padà wá: bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ ńkọ́? Bí ó bá sì pọ̀ jù ńkọ́? Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù keje ọdún 2015, iná tí afẹ́fẹ́ pèsè ní Dẹ́nmárkì ju èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà lè lò lọ. Láti 1977 ni wáyà ti gba abẹ́ òkun so wọ́n pọ̀ mọ́ Nọ́rwèy, ilẹ̀ olómi àti olókè. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, Dẹ́nmárkì a ta iná fún wọn. Nígbà tí ó bá dákẹ́, àwọn tọ̀hún a tú omi adágún wọn sílẹ̀, wọn a sì fi iná ránṣẹ́.

Ta ni yóò máa ṣe ìṣirò gbogbo èyí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan? Ibí ni ẹ̀rọ ayárabíàṣá ti wọ inú ìtàn. Àwọn kọ̀ǹpútà Energinet, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń darí wáyà iná ńláńlá, ni ó ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ yóò ti fẹ́ lọ́la àti iye iná tí a ó lò. Láti 2013, ibì kan ṣoṣo ni a ń kó àkọsílẹ̀ mítà gbogbo ìlú jọ sí. Òfin sì sọ pé kí gbogbo ilé ní mítà tí ń fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí ọdún 2020 bá fi máa parí. Ìyàwó ilé lè wo fóònù rẹ̀ kí ó mọ wákàtí tí iná yóò pọ́ọ́kú, kí ó sì fọ aṣọ nígbà náà. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Akọ̀wé kò lè dá owó fún ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ńlá tí kò ní akọ̀wé yóò dàrú.

Akọ̀wé yìí pàápàá ń jẹun. Ilé ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà Facebook wà ní Odense, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, ń lo iná púpọ̀ púpọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí ooru tí ń jáde lára àwọn ẹ̀rọ náà má ṣòfò. A ń fi mú omi gbóná fún àwọn ilé inú ìlú náà.

ÀLÉÉBÙ INÚ RẸ̀

Òtítọ́ ni olùkọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ sọ, ìbáà korò. Nígbà tí Dẹ́nmárkì ń sá fún epo, èédú inú ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sá bá, èéfín èédú sì burú ju ti epo lọ. Àwọn náà wa epo tiwọn nínú òkun. Ìparí ọdún 2020 ni wọ́n tó pinnu pé wíwa epo yóò dópin ní 2050.

Owó orí pẹ̀lú máa ń darúgbó. Èyí tí a fi lé iná mànàmáná ní 1977 bá ìgbà rẹ̀ mu, nítorí epo àti èédú ni a fi ń ṣe iná nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná di ti afẹ́fẹ́, owó orí náà bẹ̀rẹ̀ sí dí ẹni tí ó fẹ́ fi iná mímọ́ mú ilé rẹ̀ gbóná lọ́wọ́. Ní 2021 ni a tó gé e kúrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọkọ̀ tí ń lo iná. Wọ́n yọ owó orí kúrò lórí rẹ̀, ènìyàn ń rà á. Ní 2016 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá owó orí náà padà, títà rẹ̀ sì já wálẹ̀ bí òkúta. Lẹ́yìn tí wọ́n tún òfin ṣe, ó gbérí, tí ó fi jẹ́ pé ní 2024, ó ju ìdajì ọkọ̀ tuntun tí wọ́n rà tí ó jẹ́ oníná. Owó orí dà bí ìjánu ẹṣin: bí a bá ti fà á, ibẹ̀ ni ẹṣin ń yà sí. Nítorí náà ẹni tí ó dì í mú kò gbọdọ̀ sùn.

Ìjà tí ó kù báyìí wà lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ní 2024, wọ́n fẹnu kò pé láti 2030, a ó máa gba owó orí lórí gáàsì tí màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ń tú síta. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n pe ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn tí ń dáàbò bo àyíká jókòó sídìí tábìlì kan.

ÀWA ŃKỌ́?

Kò yẹ kí a rò pé àwọn ará wa kórìíra owó orí láti inú wá. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 àti 1969 ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà kọ́ wa ní ohun mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ ń san owó, owó kòkó kò tó wọn lọ́wọ́, wọn kò sì rí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà dé oko wọn. Owó tí a kò rí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ̀.

Ní ti àyíká, a ti rí owó ìtanràn tí kò níláárí. Láti ìgbà tí a ti rí epo ní Oloibiri ní 1956 ni a ti ń fi gáàsì tí ń bá a jáde jóná lásán. Òfin 1979 ní kí a jáwọ́, ṣùgbọ́n owó tí a ní kí ẹni tí ó bá ń jó o máa san kò tó nǹkan. Ní 1998 pàápàá, náírà 10 péré ni lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ gáàsì kan. Ó rọ àwọn oníṣẹ́ epo lọ́rùn láti san án ju kí wọ́n kó gáàsì jọ lọ. Owó ìtanràn tí ó kéré jù, ìwé àṣẹ ni fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní 2018 ni a gbé e sókè sí dọ́là 2 fún àwọn tí ń wa epo púpọ̀.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù. Ohun tí ó tẹ̀ lé e, kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún kan náà, òfin iná tuntun fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àǹfààní láti máa ṣètò iná fúnra wọn. Òfin owó orí tí a fọwọ́ sí ní 2025 sì ní kí a fi 5 nínú 100 lé orí epo bí bẹtiróòlù, ní ọjọ́ tí Mínísítà bá kéde, ṣùgbọ́n a yọ kẹrosíìnì ilé, gáàsì ìdáná àti agbára mímọ́ sílẹ̀. Bí Dẹ́nmárkì bá jẹ́ àwòkọ́ṣe, ohun tí a ó máa bèèrè ni pé: kí ni a fi owó náà kọ́, ta ni ó sì ní ìpín nínú rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan ẹgbẹ́ tiwa náà. Afẹ́fẹ́ tiwa kò le tó tiwọn, ṣùgbọ́n oòrùn kò wọ́n wa. Òun ni òòbẹ̀ tiwa. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tan iná oòrùn sí ọjà tàbí sí ilé ìwòsàn, kí a má ṣe é bí ẹ̀bùn tí a gbé kalẹ̀ tí a sì pa dà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, ìbáà kéré. Kí a ya owó bátìrì àti àtúnṣe sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní, nítorí bátìrì máa ń kú. Kí a rán ọmọ ìlú, lọ́kùnrin lóbìnrin, lọ kọ́ iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí la Cour ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko. Kí akápò sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ìpàdé ọdọọdún. Kí àwọn ọmọ wa ní òkè òkun sì lè rí i lórí fóònù wọn.

Láti ọlọ kan ní Askov títí dé òru tí afẹ́fẹ́ fi pèsè ju ohun tí ìlú lè lò lọ, ọdún 124 ni. Wọ́n ṣe é díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ṣe é pọ̀. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ìlú wa máa gòkè sí i.